Wáyà fáànù àti ìyẹ́ tòlótòló: àkọsílẹ̀ ìwọ̀ nymph tí mò ń ká ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún kọ́ìlì tó bá jó ká. Fáànù àjà, mọ́tò tó ń fa omi kànga, ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo ohun tó bá ti rùn, tó sì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, wọn á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Wales ni wọ́n fi fọ́tò ìwọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní, "Àbúrò, wo wáyà tí wọ́n fi wé e yìí. Ṣé kì í ṣe irú tìrẹ nìyí?" Mo fẹ fọ́tò náà. Wáyà bàbà tí wọ́n kùn ní fáníìṣì ni, irú èyí tó wà lórí tábìlì mi lójoojúmọ́. Ìwọ̀ nymph ni wọ́n ń pè é: ìwọ̀ tí wọ́n fi wáyà àti ìyẹ́ wé kó lè jọ ọmọ kòkòrò inú omi tí kò tíì hu ìyẹ́. Ẹja trout, ẹja omi tútù kan, ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń fi í dẹ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ká a, tí mò ń fi ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń sọ bó ṣe ṣe nínú omi. Ohun tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè rí ibi tó máa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìwọ̀ náà dúró fún

Kò sí trout nínú odò wa, kò sì lè sí. Omi tútù ni ẹja náà mọ̀. Bí omi bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ odò Ìjẹ̀bú gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Omi tútù ló ń gba ọ́síjìn dúró: ní ìwọ̀n 10, líta omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11, ní ìwọ̀n 27, ó ti bọ́ sí nǹkan bí 8. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó tó fẹ́ trout ní Áfíríkà fi gbé e gun òkè lọ, bíi ti odò orí òkè Aberdare ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti dà á sómi lọ́dún 1905.

Ẹja yìí máa ń fò sókè mú kòkòrò tó bà lé ojú omi, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n abẹ́ omi gan-an ló ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé inú omi ni wọ́n ti ń dàgbà, lábẹ́ òkúta, kí wọ́n tó hu ìyẹ́ jáde. Irú wọn wà lọ́dọ̀ wa náà. Lápá Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí odò ti ń gba orí àpáta kọjá, mo yí òkúta kan padà lásìkò ẹ̀rùn, mo sì gbé e sójú oòrùn. Kòkòrò kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò gùn tó èékánná ọmọdé. Orí àti àyà rẹ̀ ki, ó wá ń tín-ín-rín lọ sídìí, ìrù mẹ́ta tó rí fíẹ́fíẹ́ ló sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ ni ohun tó fi ń mí wà, pẹrẹsẹ kéékèèké, wọ́n ń gbọ̀n láìdúró. Nígbà tí mo dà á sínú abọ́ omi, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó sì fi ìrù lu omi lọ.

Mo dúró lórí ẹsẹ̀ tó ká mọ́ra yẹn nítorí pé òun ni Frank Sawyer rí. Ọ̀gbẹ́ni yìí, tó kú lọ́dún 1980, ló ń tọ́jú odò Avon ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kíyè sí i pé kòkòrò náà kì í yọ ẹsẹ̀ bó bá ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì ṣe ìwọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ rárá. Ó pa òwú tì. Wáyà bàbà tín-ín-rín ló fi so ìyẹ́ ìrù ẹyẹ pheasant mọ́ ìwọ̀, wáyà kan náà ló sì fún ìwọ̀ náà ní ìwúwo tó fi ń rì. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ìwọ̀ oníyẹ́, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó èyí. Wáyà kan ń ṣe iṣẹ́ méjì, ara ìwọ̀ kò sì wú.

Ohun èlò

Ìwọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn apẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́ tóbi jù fún iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà 14 àti 16 ni ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sókè ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Gígùn 16 kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Kí n tó fi wáyà kàn án, mo máa ń fi púláyà tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ pẹlẹbẹ, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ń dá ẹja padà sómi, wọn kò fẹ́ kí ìwọ̀ ya á lẹ́nu. Ẹ ṣe é ṣáájú kíká. Ìwọ̀ míì máa ń kán níbi tí púláyà bá ti mú un, ó sì sàn kó kán nígbà tí ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan sí i lára.

Wáyà ńkọ́? Ibí yìí ni àwa tó ń ká kọ́ìlì ti ní àǹfààní. Gééjì 36, tó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.19, ni mò ń lò fún ìwọ̀ nọ́ńbà 14. Gééjì 38, mílímítà 0.15, ni mò ń lò fún 16. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ lè lọ bẹ ẹni tó ń ká kọ́ìlì lágbègbè rẹ̀. Èyí tó ń ṣẹ́ kù nídìí róòlù lẹ́yìn iṣẹ́ tó ìwọ̀ púpọ̀. Kẹ́ ẹ má tú u lára mọ́tò tó jóná o. Fáníìṣì orí rẹ̀ ti di eérú, á máa ṣí, wáyà fúnra rẹ̀ á sì já níbi tó bá ti ká kókó. Èyí tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ó ti yẹ ló dára, torí àwọ̀ pupa rẹ̀ máa ń hàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láàárín ìyẹ́ bí omi bá ti rin ín, èmi sì gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó ń fa ẹja.

Àwọn kan máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò lo òjé, ó ṣe tán, òjé làwọn tó ń ran àwọ̀n fi ń dè é létí. Òjé wúwo ju bàbà lọ lóòótọ́: bàbà tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó gíráàmù 9, ti òjé ju 11 lọ. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1987, wọ́n ti fòfin de títa ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjé ìwọ̀ nítorí ẹyẹ swan tó ń gbé e mì, tó sì ń kú. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ náà ti gbọ́ ohun tí yíyọ́ òjé bátìrì àlòkù dá sílẹ̀ ní Ògijo. Mi ò ní fi ìka tí mo fi ń jẹun yí òjé mọ́ ìwọ̀, mi ò sì ní fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi.

Ìyẹ́ pheasant kò sí níbí, ti tòlótòló ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ti tòlótòló funfun inú oko ńlá. Èyí aláwọ̀ pupa dúdú tí àwọn ìyá ń sìn lẹ́yìnkùlé ni, ìyẹ́ ìrù rẹ̀. Lásìkò Kérésì, àwọn tó ń pa á lọ́jà á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣáà béèrè kí wọ́n tó kì í bọ omi gbígbóná, nítorí omi yẹn máa ń ba ṣónṣó rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ìka ya fọ́nrán rẹ̀ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wò ó sójú iná: irun tó wà lára fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní láti kúrú, kó sì dì. Fọ́nrán tí irun rẹ̀ gùn á mú ara ìwọ̀ wú. Mo wo ìyẹ́ ẹtù náà, ó lẹ́wà pẹ̀lú àmì tó-tò-tó rẹ̀, àmọ́ kò gùn tó.

Mo tún fi irun ehoro ṣe oríṣi kejì, màá sọ ibi tó já sí.

Fáìsì tí mo fi ń di ìwọ̀ mú, ẹnu dírìlì ọlọ́wọ́ kan tó ti bàjẹ́ ni. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jó o mọ́ orí irin ọ̀pá, mo sì dè é mọ́ etí tábìlì.

Kíká rẹ̀

Ẹ fi ẹnu dírìlì mú ìwọ̀ níbi tó ti tẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gún lè wà gbalaja. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wáyà lẹ́yìn ojú ìwọ̀, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ojú náà, torí ibẹ̀ la máa parí sí. Ẹ ká a lọ sídìí, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kó fara kan ìkejì, bí ẹni ń ká kọ́ìlì. Kó má gun ara wọn, kí àlàfo má sì sí. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí ìwọ̀ ti fẹ́ máa tẹ̀, ẹ ká a padà wá sí ìdá kan nínú mẹ́ta iwájú, kẹ́ ẹ wá lọ kẹ́ ẹ bọ̀ níbẹ̀ títí ó fi yọ gaga. Àyà kòkòrò nìyẹn. Mo máa ń lo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 wáyà gééjì 36 lápapọ̀. Ìyẹn tó gíráàmù 0.08. Ó jọ pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìwọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Ìdí tí mo fi kó wáyà jọ síwájú ni pé bí ìwúwo bá wà níwájú, orí ni ìwọ̀ máa fi ń lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá wà káàkiri lọ́gbọọgba, ìwọ̀ á rì ní pẹrẹsẹ, ó sì máa ń pẹ́.

Ẹ ká wáyà padà sídìí. Ẹ já fọ́nrán ìyẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kí ṣónṣó wọn lè bára dọ́gba, kẹ́ ẹ gbé wọn lé ìdí ìwọ̀ kí ṣónṣó náà yọ síta ní mílímítà mẹ́ta. Ìrù nìyẹn. Wáyà lẹ́ẹ̀mejì tó láti dè wọ́n. Ohun tó ń ṣòro fún ọmọ iṣẹ́ mi nìyí: bó bá fa wáyà jù, yóò gé fọ́nrán, bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, ìrù á yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka ló ń kọ́ ọ, ẹnu kò lè kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ́ fọ́nrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ wáyà náà, kí wọ́n di okùn kan. Okùn yẹn lẹ máa wá ká lọ síwájú. Nítorí pé wáyà wà nínú rẹ̀, bí eyín ẹja bá já fọ́nrán kan, wáyà ṣì di ìyókù mú. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tó yọ gaga, ẹ tú wáyà kúrò lára ìyẹ́, ẹ fi wáyà nìkan kọjá lọ sẹ́yìn ojú ìwọ̀, kẹ́ ẹ wá fa ìyẹ́ gba orí àyà kọjá wá síwájú, ẹ fi wáyà dè é. Ẹ dá a padà sẹ́yìn, ẹ dè é. Ẹ tún mú un wá síwájú. Èyí ló máa dúró fún àpò tí ìyẹ́ kòkòrò wà nínú rẹ̀ kó tó là. Bó bá kù díẹ̀ kó hu ìyẹ́, àpò yẹn máa ń dúdú sí i. Ẹ gé èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ yí wáyà mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn ojú ìwọ̀, ẹ sì mì í síwá sẹ́yìn títí á fi já fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹnu tó mú á kù síbẹ̀, á sì máa há okùn. Ẹ̀kán kútẹ́sì kan tí kò láwọ̀, ó parí.

Ti irun ehoro, irun inú tó rọ̀ ni mo yí mọ́ wáyà, mo wá ká a bákan náà. Ó rí bí ohun tó ń mí nínú omi, torí irun rẹ̀ ń mì.

Ìgò omi

Mo gbé ìgò onígíláàsì gíga kan tí mo bu omi kún kalẹ̀ lórí tábìlì. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìwọ̀ gbígbẹ kì í rì dáadáa. Afẹ́fẹ́ máa ń há sáàárín ìyẹ́, ẹ á rí i bó ṣe ń dán yinrin-yinrin lára rẹ̀. Ẹ fi ìka fún un mọ́ omi kó tó wọlé. Mo wá ju oríṣi méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀, wáyà kan náà, gígùn kan náà. Ti tòlótòló fi orí lọ tààrà. Ti ehoro ṣe pẹ̀lẹ́, ó ń yí, ti àkọ́kọ́ sì ti balẹ̀ nígbà tó ṣì wà lókè. Mo tu irun kúrò lára ti ehoro díẹ̀díẹ̀, mo ń jù ú sílẹ̀, ó sì ń yára sí i bí irun ṣe ń dín kù.

Ìgò yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo gbà gbọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fi bo wáyà ló ń dá ìwọ̀ dúró, nítorí náà ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́. Èèyàn lè lo ọjọ́ kan gbáko lórí àwọ̀ àti ojú àti ẹsẹ̀. Bí ìwọ̀ náà kò bá dé ibi tí ẹja wà kí omi tó gbé e kọjá, ẹja kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà.

Odò

Mo fi ti tòlótòló dẹ ẹja níbí kí n tó fi ránṣẹ́. Ọ̀pá ọparun, okùn ọ̀rá tín-ín-rín tí a so mọ́ ṣónṣó rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ tó ń ká okùn. Bí àwọn ará Japan náà ṣe ń dẹ ẹja òkè wọn nìyẹn, tenkara ni wọ́n ń pè é. Ìgbà ẹ̀rùn ni mo lọ, torí lásìkò òjò omi máa ń pọ́n débi pé ẹja kò lè rí ohun kékeré. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Odò míì jẹ́ ti òrìṣà, wọn kì í pa ẹja inú rẹ̀.

Bàbá kan tó wá wo ìgèrè wọn dúró lẹ́yìn mi. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n ní, "Kí lo fi ń dẹ ẹ́? Mi ò rí ekòló."

"Ìyẹ́ tòlótòló ni, Bàbá."

Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sódò. "Ó wúwo ju bó ṣe rí lọ." Wọ́n tọ́ka sí ibi tí omi ti jìn lábẹ́ gbòǹgbò kan. "Má jù ú síbẹ̀. Jù ú sókè ọ̀hún, kí omi fúnra rẹ̀ gbé e wọlé."

Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ fún mi láti Wales gan-an nìyẹn: ẹ jù ú sí òkè omi, kẹ́ ẹ má fà á, kó máa bá omi rìn bí ohun tí kò so mọ́ nǹkan, kó sì ti rì dé ìsàlẹ̀ nígbà tó bá máa kọjá níwájú ẹja. Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí. Okùn dúró díẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé ọ̀pá. Ẹ̀pìà kékeré kan ni, ìwọ̀ wà ní etí ètè rẹ̀ gan-an. Òmíràn tẹ̀ lé e láti ibẹ̀. Kò sí ìfàyọ lọ́wọ́ bí ó ti máa ń rí pẹ̀lú ekòló; ojú ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n, lára okùn. Bí okùn bá dúró, tó yà, tàbí tó ṣe ohunkóhun tí omi kò ṣe, ẹ gbé e.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni igi. Odò wa kún fún ẹ̀ka àti gbòǹgbò, ìwọ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀ dáadáa ni ìwọ̀ tó ń há.

Ìròyìn láti odò Usk

Oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ṣí odò fún dídẹ trout ní Wales, ó sì máa ń parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ dẹ ẹ́ á gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn tí mo ká lọ sí odò Usk, wọ́n sì fi ohùn ránṣẹ́ láti etí omi, mo ń gbọ́ bí odò náà ṣe ń hó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn. Níbi tí omi kò ti jìn, tó ń ṣàn jẹ́ẹ́, ti nọ́ńbà 16 mú trout aláwọ̀ ilẹ̀ fún wọn, àwọn ẹja tó ní àmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ó máa ń gbà á jù nígbà tí wọ́n bá rọra gbé ṣónṣó ọ̀pá sókè bí ìwọ̀ bá ti súnmọ́ ọn, tí ìwọ̀ náà á wá gbéra bíi pé ó fẹ́ lọ hu ìyẹ́. Sawyer náà kọ́ àwọn èèyàn ní ọgbọ́n yẹn.

Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti jìn, tó sì ń sáré, wáyà nìkan kò tó. Omi ti gbé ìwọ̀ lọ kó tó rì.

Mo rò ó bóyá kí n fi wáyà kún un. Ẹni tó ń ká kọ́ìlì mọ̀ pé àyè ní òpin: bí wáyà bá ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, àyà ìwọ̀ náà á bo ẹnu rẹ̀, kò ní lè kọ́ ẹja. Ohun tó wúwo ju bàbà lọ láàárín àyè kékeré la nílò.

Ìlẹ̀kẹ̀ tungsten

Irin kan tó ń jẹ́ tungsten ju ìlọ́po méjì bàbà lọ ní ìwúwo: èyí tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó gíráàmù 19. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kan tó fẹ̀ tó mílímítà 3, bó ti kéré tó, wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 0.2, ju ìlọ́po méjì gbogbo wáyà tí mo ń ká lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Wọ́n la ojú ihò ìlẹ̀kẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè jókòó sí ibi tí ọrùn ìwọ̀ ti tẹ̀. Nítorí ibi tí ìwúwo wà, ìwọ̀ á dojú dé nínú omi, ẹnu rẹ̀ á wà lókè. Kì í há sí òkúta bẹ́ẹ̀.

Kíká rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bọ ìwọ̀ láti ẹnu, kẹ́ ẹ ká wáyà gééjì 38 gba ẹ̀yìn rẹ̀ kó má lè yí, kẹ́ ẹ sì fi wáyà yẹn nìkan ṣe ara rẹ̀. Mi ò kó wáyà jọ ní àyà mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Fọ́nrán tòlótòló mẹ́ta dípò mẹ́rin, kó lè fẹ́lẹ́ sí i. Irun ehoro wá rí àyè tirẹ̀ níkẹyìn: ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀, tó ń mì bí omi bá ti ń lọ, nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ti mú ìwọ̀ dé ìsàlẹ̀, tí irun kò lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń so méjì pọ̀ báyìí, èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀ nísàlẹ̀, ti wáyà lásán lókè rẹ̀, kí èyí tó wúwo lè fa ìkejì wọlé. Wọ́n ní ibi tó jìn náà ti ń fún wọn lẹ́ja. Ní tèmi, mo gbé ìwọ̀ ọlọ́rùn títẹ̀ yẹn lọ sábẹ́ gbòǹgbò tí Bàbá fi hàn mí, ó sì ń jáde láìhá níbi tí ti àkọ́kọ́ ti máa ń kú sí. Èyí tó wà lórí fáìsì lọ́wọ́lọ́wọ́ jẹ́ nọ́ńbà 18, wáyà gééjì 40, fọ́nrán méjì péré. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ká a. Ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ.